Màmá mi ń lo doxycycline, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti apòògùn. Abẹ́òkúta ni a wà. Dókítà kọ doxycycline (oògùn apakòkòrò àrùn) 100 mg fún màmá mi, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ 7. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa fi omi kún ife lò ó, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, omi díẹ̀ ni wọ́n fi gbé e mì, ni wọ́n bá sùn lọ. Àyà ta wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́! Wọ́n ní ó dà bíi pé ata ni àwọn gbé mì.

Ohun tó rú mi lójú ni pé wọ́n tún ń lo oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Mo gbọ́ pé irin inú rẹ̀, àti mílíìkì pàápàá, kì í jẹ́ kí doxycycline wọ ara dáadáa. Màmá mi kì í sì í mu ògì láìsí mílíìkì (ẹ má bá mi bá wọn jà). Báwo ni ẹ ṣe máa ń pín àkókò wọn?

Oòrùn ńkọ́? Aládìrẹ ni wọ́n ní Ìtòkú, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń sá aṣọ, oògùn yìí sì máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó ara. Ṣé agboòrùn àti bùbá alápá gígùn tó, àbí kí àbúrò mi máa bá wọn sá a?

Màmá tiẹ̀ fẹ́ fún ọmọ mi, ọmọ ọdún 5, ní ẹyọ kan nítorí ikọ́. Mo ti gbé oògùn náà pamọ́, nítorí ó lè ba àwọ̀ eyín ọmọ jẹ́.