Ọgbà, àáró ìmọ̀ àti àlòdọ́mọ: èsì sí ìwé ìpè àwọn alábòójútó ilé ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè.

Mo ti ka ìwé ìpè tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìdó túmọ̀, tí wọ́n ní ká bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé náà ń pe àwọn tó ń bójú tó ilé ìwé gíga, ilé ìwòsàn, òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì ní Adó-Èkìtì, pé kí wọ́n wá mọ ara wọn, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè máa lo ilé, omi àti iná láì pa àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lára. Ẹ̀gbọ́n pe “facility management” ní “ìtọ́jú ilé-iṣẹ́”, wọ́n pe “networking” ní “ìsokọ́ra”, wọ́n sì pe “sustainability” ní “ìdúróṣinṣin”. Mo ka àkọlé rẹ̀ sétí ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àbójútó ilé. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ẹnì kan ti fẹ̀sùn àìṣòótọ́ kan àwọn alábòójútó, tí wọ́n fi ń pè wọ́n sípàdé ìdúróṣinṣin. Ìbéèrè yẹn ló mú kí n kọ̀wé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó le jù. Ìwà ọmọlúàbí ni ìdúróṣinṣin. Ènìyàn ló ń dúró ṣinṣin: lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, nídìí òtítọ́. Bí a bá sì lò ó fún ilé, ohun tí etí yóò gbọ́ ni pé ìpìlẹ̀ ilé náà le, pé kò mì. Bẹ́ẹ̀, ilé tí kò mì lè máa fi jẹnẹrétọ̀ sun dísù láti àárọ̀ di alẹ́, kó sì máa da omi ẹ̀gbin rẹ̀ sódò. Kò sí ohun tó kan ìdúróṣinṣin níbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ti dábàá “àlòpẹ́” ṣáájú. Ó sàn jù, ó dùn lẹ́nu, àmọ́ n kò lè fọwọ́ sí i. Pípẹ́ nìkan kọ́ là ń wá. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ń pẹ́. Ó ń pẹ́ nínú ilẹ̀ ju ẹni tó fi di iyọ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ àyíká tí yóò pè é ní ohun tí à ń wí yìí. “Àlòpẹ́” ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ń lò. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí yóò lò ó lẹ́yìn wa. Ẹni yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì dá lé. Lọ́dún 1987, ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀, tí Gro Harlem Brundtland, olórí ìjọba Norway nígbà náà, jẹ́ alága rẹ̀, sọ pé ìdàgbàsókè tí àwọn ń pè ní “sustainable development” ni èyí tó ń pèsè ohun tí àwọn tó wà láyé báyìí nílò, tí kò sì dí àwọn ìran tó ń bọ̀ lọ́wọ́ láti pèsè tiwọn. Ìran tó ń bọ̀ ti wà nínú ìtumọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kó wà nínú ọ̀rọ̀ tiwa náà.

Ìdí nìyí tí mo fi mú “àlòdọ́mọ” wá. Lò, dé, ọmọ, pẹ̀lú “à” níwájú: lílo ohun kan lọ́nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ. N kò já a láti inú afẹ́fẹ́. “Àrọ́mọdọ́mọ” ti wà lẹ́nu wa tipẹ́tipẹ́, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ọ rí ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tuntun yìí. Ó tún rọrùn láti so mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: ìkọ́lé àlòdọ́mọ, omi àlòdọ́mọ, ìdàgbàsókè àlòdọ́mọ. Mo ti gbìyànjú irú rẹ̀ pẹ̀lú “ìdúróṣinṣin”, ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ ṣeé gbé mì.

Àbúrò wa kan ti bi mí pé, ẹni tí kò bímọ ńkọ́, ṣé kò ní dà bí ẹni pé a yọ ọ́ sílẹ̀? Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá pe ara wa ní ọmọ Èkìtì, ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló bí gbogbo wa ni? Ọmọ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wọ yàrá kan náà ní ogún ọdún sí i, ẹni yòówù tí ì báà bí i. Ẹlòmíràn ní bí a kò bá fi àmì sí i, ènìyàn lè kà á bíi pé ohun tí a ń lò ló di ọmọ. Òótọ́ ni, nítorí “dé ọmọ” di “dọ́mọ”, “di ọmọ” sì di “dọmọ”. Ẹjọ́ ìyẹn kò sí lọ́rùn ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká máa fàmì sórí ohun tí a bá kọ, pàápàá lórí pátákó àti ìwé ìpè tí ojú púpọ̀ yóò rí.

Ẹ jẹ́ ká gbé “àlòpẹ́” àti “àlòdọ́mọ” lọ sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé àbójútó àlòpẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èrò mi yóò lọ sọ́dọ̀ ilé àlejò: pé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ dára, pé páànù rẹ̀ kò ní tètè jo. Bí wọ́n bá ní àbójútó àlòdọ́mọ ni, orísun omi náà ni ọkàn mi yóò lọ bá, àti igbó tó ṣíji bò ó. Èmi yóò bi wọ́n nípa ilé ìyàgbẹ́, nípa ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, nípa iye igi tí wọ́n gé kí wọ́n tó la ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó ń mú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu ènìyàn ni mo fẹ́.

Ó ku “ìsokọ́ra”. Ìyẹn ti nílé tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wo ohun tí àwọn alábòójútó wọ̀nyí ń ṣe bí wọ́n bá pàdé. Ọ̀kan mọ oníṣẹ́ tó lè tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe láì tú gáàsì inú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Èkejì ti ra sólà, ó ti mọ irú bátìrì tó máa ń tètè kú. Ẹ̀kẹta ti rí i pé yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú síra wọn, tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í sábà nílò amúlétutù. Lónìí ọ̀kan ló ní ìmọ̀, lọ́la ẹlòmíràn ni. Àwọn baba wa ní orúkọ fún irú ètò yìí lóko: àáró. Wọn yóò kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, wọn yóò bọ́ sóko ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí gbogbo ẹgbẹ́. “Àáró ìmọ̀” ni mo dábàá.

Ẹ̀gbọ́n Ìdó kò fẹ́ èyí. Wọ́n ní gbèsè wà nínú àáró, pé ẹni tí a bá ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ṣe tiwa, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó di gbèsè ru ẹnikẹ́ni nípàdé. Wọ́n ní ó sàn ká pè é ní ọ̀wẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo rò pé òdìkejì ni. Ẹnì kan ló ni ọ̀wẹ̀: ó pe àwọn ènìyàn, ó bọ́ wọn, iṣẹ́ rẹ̀ parí, wọ́n túká. Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ń gbà nínú rẹ̀ láìmú nǹkan kan wá kì í tọ́jọ́. IFMA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn alábòójútó ilé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1980, tó sì ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà, ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bá lọ síbẹ̀ ni pé kí oníṣẹ́ kọ́ lára oníṣẹ́, kí òun náà sì fi tirẹ̀ lélẹ̀. Gbèsè tí ẹ̀gbọ́n rí yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Mo gbà fún wọn níbì kan ṣá: ká kàn gba nọ́ńbà fóònù ara wa kì í ṣe àáró. Fún ìyẹn, “ìdojúlùmọ̀” tó.

Lórí orúkọ iṣẹ́ náà, n kò ní pẹ́. “Ilé-iṣẹ́” ń pe kóńpìnnì, kò sì bo ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn. ISO 41011, ìwé ìlànà àgbáyé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 2017, tó ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí fún gbogbo ayé, so ènìyàn, ibi àti ọ̀nà ìṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ìtumọ̀ rẹ̀. A ní ọ̀rọ̀ kan tó ti kó wọn pọ̀: ọgbà. Ọgbà ilé-ìwé, ọgbà ilé ìwòsàn; ilé, omi, ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ àti àwọn ènìyàn, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọgbà. Kò tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “i” tí àwa Èkìtì ń sọ di “u”, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò rò pé ẹni tó ń gé koríko là ń wí, ó lè sọ pé “àbójútó ilé àti ọgbà”. N kò ní bá a jà.

Nítorí náà, àkọlé tí mo fẹ́ ni: “Ìpàdé àáró ìmọ̀ fún àwọn alábòójútó ilé àti ọgbà, lórí àlòdọ́mọ ilé, omi àti iná.”

Ohun kan kù nínú ìwé náà tí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún: kí a mú ilé àtijọ́ tó ń jẹ iná, kí a pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀, kí a dí ibi tí ooru ń gbà wọlé lórí òrùlé rẹ̀, láì wó o. “Àtúnṣe” fẹ̀ jù, nítorí ilé náà lè má bàjẹ́ rárá. Ẹni tó bá mọ bírìkìlà, kápẹ́ńtà tàbí oníná tó ti ń fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórúkọ, kó jọ̀ọ́ bi í, kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́, ì báà jẹ́ Èkìtì pọ́ńbélé.