Bí a ṣe ń ṣe sáílééjì tí àgùntàn yóò jẹ láìséwu

Ìbéèrè láti Wales:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òjò kì í jẹ́ kí koríko wa gbẹ kí ìgbà òtútù tó dé. Ṣé a lè fi ọ̀rá wé e ní tútù, kí ó di oúnjẹ ẹran tí wọ́n ń pè ní sáílééjì, kí ó má sì bàjẹ́?

Èsì láti Devon:
Àbúrò, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní tútù rinrin. Ẹ gé e nígbà tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yọ, nítorí tí ó bá ti gbó, agbára inú rẹ̀ ti dín kù, ọ̀rá kò sì lè dá a padà. Ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn bá ràn ni ó dára jù, torí ìgbà náà ni ṣúgà inú koríko máa ń pọ̀, ṣúgà yìí sì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ń sọ di ásíìdì tó ń mú un kan bí ògì, tí kò fi ní jẹrà. Ẹ sá a fún nǹkan bí wákàtí 24. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́ tí omi sì ń kán, kò tíì yá. Irú èyí ni ó máa ń rùn tí ẹran kì í fẹ́ jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ dì í kí ìdì náà le koko, kí ẹ sì fi ọ̀rá wé e lọ́jọ́ tí ẹ bá dì í gan-an, ó kéré tán ní ìpele 6. Ọ̀rá wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni a ti ń ṣọ́wó ná. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 kí ẹ tó tú u.

Ìbéèrè láti Kent:
Àgùntàn aládùúgbò mi kan jẹ sáílééjì, ó ń pòòyì lójú kan, ó sì kú. Kí ni ó lè fà á?

Èsì láti Devon:
Ó jọ àìsàn tí kòkòrò àìfojúrí kan, listeria, máa ń fà, dókítà ẹran ni yóò sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Inú iyẹ̀pẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbé, ó sì máa ń pọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gba ihò ọ̀rá wọlé. Àgùntàn kì í lè fara dà á tó màlúù. Nítorí náà, ẹ tẹ́ gbogbo òkìtì tí ẹranko abẹ́lẹ̀ bá hú síta pẹrẹsẹ kí koríko tó ga, ẹ má gé e mọ́lẹ̀ jù, kí ẹ sì da gbogbo ibi tó bá ti bu nù. Ìdì tí ẹ bá ti tú, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán ní kíákíá.

Àbúrò Wales, ẹ má to àwọn ìdì náà sétí odò o: òfin ní kí wọ́n jìnnà sí i tó mítà 10, ó kéré tán, nítorí omi tó ń ro jáde lára wọn máa ń pa ẹja.