Ẹ gbà mí o: ẹnu róbótó lára dọ́ọ̀tì onígun mẹ́rin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni mò ń ṣe lọ́wọ́ ní Tanke, ní Ìlọrin níbí. Páànù onígun mẹ́rin ni dọ́ọ̀tì ńlá (ọ̀nà tí atẹ́gùn tútù ń gbà) tó gba òkè àjà kọjá, ínṣì 14 sí 10. Ẹnu róbótó mẹ́rin oní-ínṣì 6 ni mo fẹ́ yọ lára rẹ̀ fún àwọn ẹ̀ka.

Àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọrí agolo ọ̀dà ni mo fi ya róbótó náà (ẹ má rẹ́rìn-ín), mo wá gé e tán, ihò fi bí ìka kan fẹ̀ ju kọ́là (ọrùn páànù róbótó tí wọ́n ń fi sí ihò náà) lọ. Mo fi téèpù aláṣọ wé e. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi ń ṣí, nítorí ooru abẹ́ páànù òrùlé kì í ṣe kékeré. Ní báyìí, bí mo bá gbé ọwọ́ síbẹ̀, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ yọ, omi sì ń kán sórí àjà.

Ṣé kí n lẹ páànù mìíràn bo ihò yẹn ni, kí n tún un gé? Mo ti ra másítíìkì (àtè tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó ń jò) àti ìdè kéékèèké báyìí. Ṣé kọ́là tó dúró ṣánṣán tó, àbí èyí tó dagun ní dígíríì 45 ló tọ́ sí i?

Ọ̀gá mi tún ní kí n yọ ẹ̀ka ìkẹyìn láti ìdí dọ́ọ̀tì tí wọ́n dí pa. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ̀gbẹ́ ni mo rò pé ó yẹ kó ti yọ. Ta ló ti ṣe é rí?