Báwo ni ohùn àwa ọ̀dọ́ Ìbàdàn ṣe lè dé ibi ìpàdé àdéhùn lórí ike?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa ọ̀dọ́ bíi méjìlá ní Mọ́kọ́lá máa ń kó ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti ike kúrò nínú gọ́tà tó ń ṣàn lọ sínú odò Ògùnpa ní gbogbo Sátidé, nítorí pé àwọn òbí wa kò gbàgbé omíyalé ọdún 1980. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gọ́tà á tún ti kún, èyí sì mú kí n gbà pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá náà ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Nairobi láti ṣe àdéhùn tó lágbára òfin lórí ìdọ̀tí ike, síbẹ̀ ìpàdé Geneva ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 parí láìsí àdéhùn kankan; ó dùn mí púpọ̀.

Ta ni kí a kọ̀wé sí kí àwọn aṣojú Nàìjíríà lè gbọ́ ohun tí ojú wa ń rí? Ṣé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni kí a kọ́kọ́ lọ bá ni, àbí Àbújá tààrà? Àwòrán àti àkọsílẹ̀ iye àpò tí a ń kó nìkan ni a ní lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ wa sọ́nà.