Kí ló dé tí wákàtí fi ṣe kókó tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtọ́jú rọpárọsẹ̀?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa: Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ojú oorun ni rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá mi, ẹni ọdún 71. Àwòrán ọpọlọ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan, síbẹ̀ dókítà ní ó ti pẹ́ jù láti fún wọn ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, nítorí odi tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ lè ti dẹnukọlẹ̀. Odi wo nìyẹn? Ṣé ọjọ́ orí wọn ló fà á?

Nọ́ọ̀sì Kano: Ẹ kú aájò Màmá. Ara àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọpọlọ gan-an ni odi náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú wọn lẹ̀ mọ́ra pinpin, débi pé ṣúgà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oògùn àti kòkòrò àrùn kò ráyè kọjá. Ní 1885, Paul Ehrlich ará Jámánì da aró sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, ẹ̀yà ara yòókù gba àwọ̀, ọpọlọ kò gbà á. (Òun rò pé aró náà ni kò bá ọpọlọ mu, Goldmann, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló wá fi hàn ní 1913 pé ìdènà ló wà níbẹ̀.)

Bí iṣan bá dí, àìrí ọ́síjìn máa ń pa sẹ́ẹ̀lì iṣan náà lára, ẹ́ńsáìmù bíi MMP-9 a sì máa jẹ ìpìlẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Tí a bá wá ṣí ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ògiri ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè ya wọ inú ọpọlọ. Ìdí nìyí tí gbèdéke oògùn náà fi sábà máa ń jẹ́ wákàtí 4 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá sì jí pẹ̀lú àìsàn náà, ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn pé ara rẹ̀ le ni a ti ń kà á.

Bàbá Gwagwalada: Ọjọ́ orí nìkan kò tó fi du ènìyàn ní oògùn náà, àbúrò. Òótọ́ ni, ṣá, pé odi yìí ń jò bí a ṣe ń dàgbà: ní 2015, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Southern California fi àwòrán MRI rí i pé hippocampus, níbi tí ìrántí ti ń ṣiṣẹ́, wà lára ibi tó kọ́kọ́ ń jò. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ń dá kún un.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa: Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Ṣé ewu ti kọjá báyìí?

Nọ́ọ̀sì Kano: Ó kù díẹ̀. Omi tó ń jò gba odi náà máa ń mú ọpọlọ wú, láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ló sì sábà máa ń le jù. Bí ẹ bá rí i pé oorun Màmá wúwo ju ti àná lọ, tàbí tí wọ́n ń bì, ẹ pe nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀.