Àwọn ajẹ́rìíkú: kí ni ẹlẹgbẹ́ ṣe fún ẹlẹgbẹ́?

Olùkọ́-Ìrìbọmi: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn àwọn ajẹ́rìíkú dáadáa, ìyẹn àwọn tí wọ́n pa torí ìgbàgbọ́ wọn nínú Kristi, ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ara wọn gan-an. Ẹ má kàn sọ pé "wọ́n gba ara wọn níyànjú" o.

Atọ́kà-Ìwé: Carthage, ní Àríwá Áfíríkà, ọdún 203: wọ́n kó àwọn Kristẹni kan sẹ́wọ̀n. Perpetua, ẹni ọdún 22, ń fọ́mọ lọ́yàn. Felicity, ẹrúbìnrin, wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ tì wọ́n mọ́ ṣókùnkùn biribiri, ooru mú, àwọn sójà sì ń fipá gbowó lọ́wọ́ wọn. Díákónì méjì, Tertius àti Pomponius, ló fún àwọn ẹ̀ṣọ́ lówó kí wọ́n lè kó wọn lọ síbi tó sàn fún wákàtí díẹ̀. Ibẹ̀ ni Perpetua ti ráyè fún ọmọ tí ebi ti fẹ́ pa lọ́yàn. Ti Felicity tún yàtọ̀: òfin ò gbà kí wọ́n pa aboyún, ẹ̀rù wá ń bà á pé wọ́n á yọ òun sẹ́yìn, òun á wá bá àwọn ọ̀daràn kú. Gbogbo wọn gbàdúrà pọ̀, ó bí ọmọbìnrin kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa pa wọ́n, arábìnrin kan nínú ìjọ sì gbà á tọ́.

Àgbà Kọ́yà: Ẹ dúró ná. Díákónì fún ẹ̀ṣọ́ ní rìbá?

Sístà Jẹ́jẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tébi ń pa ńkọ́? Rìbá tó burú ni ti ọdún 250, nígbà Decius, olú ọba Róòmù, táwọn kan fowó ra ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti rúbọ sí òrìṣà, nígbà tí wọn ò rúbọ rárá. Ìjọ ní kí wọ́n ronú pìwà dà kí wọ́n tó lè padà wọlé. Ìyà àwọn tó rúbọ gan-an tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, ló ń kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ láti ibi tó sá pamọ́ sí.

Àgbà Kọ́yà: Bíṣọ́ọ̀bù ló tún sá pamọ́ yẹn!

Sístà Jẹ́jẹ́: Wọ́n padà bẹ́ ẹ lórí ní 258. Ẹni tó sá ò tíì sẹ́ Kristi.

Ọmọ-Ìjọ: Saturus lèmi ń kan sáárá sí. Òun ló kọ́ Perpetua àtàwọn yòókù lẹ́kọ̀ọ́. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kó wọn, ló bá lọ fara rẹ̀ sílẹ̀.

Atọ́kà-Ìwé: Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìyẹn. Lẹ́tà ìjọ Smyrna nípa bí wọ́n ṣe pa Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù wọn, dárúkọ Quintus, tó fara rẹ̀ sílẹ̀, tó sì rọ àwọn mìíràn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí àwọn ẹranko ẹhànnà tí wọ́n fẹ́ tú sí i báyìí, ẹ̀rù bà á, ó rúbọ. Ìjọ náà kọ ọ́ gbangba pé àwọn ò yìn irú ẹ̀. Polycarp ní tiẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí oko. Nígbà tí wọ́n rí i mú, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn tó wá mú un, ó tọrọ wákàtí kan láti gbàdúrà, ó sì lo méjì.

Ọmọ-Ìjọ: Quintus kó èèyàn lọ, Saturus tẹ̀ lé èèyàn lọ. Wọn ò jọra!

Afetísílẹ̀: Ogójì sójà Kristẹni ti Sebaste ńkọ́, tí wọ́n dá dúró níhòòhò nínú òtútù kí wọ́n lè kú? Ọ̀kan sá wọ ilé ìwẹ̀ tó gbóná, ẹ̀ṣọ́ kan bọ́ṣọ rọ́pò rẹ̀.

Olùkọ́-Ìrìbọmi: Àwọn ajẹ́rìíkú ti Ùgáńdà, ṣé Kátólíìkì nìkan ni wọ́n?

Atọ́kà-Ìwé: Rárá o. 22 Kátólíìkì, 23 Áńgílíkà. Wọ́n dáná sun púpọ̀ nínú wọn ní Namugongo, 3 Okúdù 1886. Joseph Mukasa ló ń ṣolórí àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ láàfin ọba, tó jẹ́ Kátólíìkì. Wọ́n pa á ní Bélú 1885, Charles Lwanga gba ipò rẹ̀. Nígbà tó hàn pé ikú ti dé tán, Lwanga fúnra rẹ̀ ri Kizito, ọmọ bí ọdún 14, àtàwọn mélòó kan tí wọn ò tíì parí ẹ̀kọ́ bọmi.

Àgbà Kọ́yà: Láìsí fadá?

Sístà Jẹ́jẹ́: Nígbà pàjáwìrì, ẹnikẹ́ni lè ṣe é: omi, pẹ̀lú orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́.