Ta ló bá White Sox jẹ ìyà sáà 2024 délẹ̀? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àdìsá_Títì35
Ẹ̀yin ará wa ní Chicago, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Sáà ti parí, White Sox, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wa, sì ti wọ ìwé ìtàn lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Eré 162, wọ́n borí 41, wọ́n pàdánù 121. Láti 1901 títí di òní, kò sí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ńlá kankan tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ nínú sáà kan. Mets ti 1962 ló wà nídìí pátápátá tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú 120.

Ó ń dùn mí wọnú egungun, torí 2021 ò tíì jìnnà. Eré 93 ni wọ́n borí lọ́dún yẹn, àwọn ló sì gba ipò kìíní ní AL Central, ìpín tí wọ́n wà nínú líìgì. 2022, wọ́n borí 81, wọ́n pàdánù 81. 2023, wọ́n pàdánù 101. Lójú tèmi, kì í ṣe àwọn ọmọ tó wọ aṣọ bọ́ sí pápá ló jẹ̀bi. Wọ́n ti tú ẹgbẹ́ náà palẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹta ni wọ́n ti fi Dylan Cease, ajubọ́ọ̀lù wọn, ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Padres, sáà ò tíì ṣí! Nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù Keje, Cease ju bọ́ọ̀lù ní odindi eré kan tí ẹnì kan ò rí hit gbá lára rẹ̀ (ìyẹn kí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù kó sì sáré dé base, ibùdó tí wọ́n ń sáré lọ), nígbà tí White Sox ń pàdánù lójoojúmọ́ níbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wò ó, tàbí tẹ́ ẹ gbé èrò lọ síbẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ ń gbé nítòsí pápá, kí lojú yín rí?

Ìyá_Ìbejì_Bridgeport
Ẹ kú ìrọ́jú.

Dérébà_Ìjẹ̀bú
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án. Angels ló wá bá wọn. Ìpàdánù ti di 120, ó ku ẹyọ kan péré kí wọ́n kọjá Mets. Mo gbé àwọn géńdé kan láti àárín ìgboro lọ sí pápá, wọ́n ní àwọn fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ìtàn bá ṣẹlẹ̀. Mo ní ìtàn wo? Wọ́n ní ìpàdánù 121. Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí jẹ.

Nígbà tó dalẹ́ tí mo padà wá gbé èrò, àwọn èèyàn ń tú jáde, ojú wọn rí bákan. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ Paul Konerko, agbábọ́ọ̀lù wọn àtijọ́, wọlé, mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé wọ́n tún nà yín ni? Ó ní rárá, àwọn borí! 3 sí 2, inning kẹjọ, ìyẹn abala kẹjọ eré, ni wọ́n ti kó ayò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. Mo ní ẹ kú oríire. Kò dáhùn. Nígbà tí a dé òpópónà Halsted ló tó sọ̀rọ̀, ó ní ṣe ni àwọn èrò ń pariwo pé kí Jerry Reinsdorf, olówó ẹgbẹ́, ta ẹgbẹ́ náà, tí àwọn kan tiẹ̀ ń hó lé wọn lórí nígbà tí wọ́n borí. Ó ní 2005 ni bàbá òun mú òun lọ wo World Series, àṣekágbá bésíbọ́ọ̀lù, ọdún tí wọ́n na Astros ní mẹ́rin sí òdo, ife àkọ́kọ́ láti 1917. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa sọ fún bàbá òun báyìí. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń sọ ọ́, mi ò tan rédíò rárá.

Kò_Dámilójú
Ẹ má bínú, bàbá dérébà. Èèyàn á fowó ara ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì kó lè wo bí wọ́n ṣe máa na ẹgbẹ́ ẹ̀? Mi ò gbà.

Dérébà_Ìjẹ̀bú
Má gbà. Wọ́n tún borí lọ́jọ́ kejì, 4 sí 3, inning kẹwàá. Ọjọ́ kẹta, 7 sí òdo. Detroit ni 121 ti wá já lé wọn lórí, ọjọ́ 27, Tigers na wọ́n ní 4 sí 1. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Tigers rí àyè wọ ìdíje àṣekágbá. Ẹnì kan ń jó, ẹnì kan ń sunkún, pápá kan náà.

Ọmọ_North_Side
Cubs, ẹgbẹ́ Chicago kejì, ló wà lókè níbí o. Ife 2016 kì í ṣe àlá.

Àdìsá_Títì35
@Ọmọ_North_Side a mọ̀ pé o máa yọjú. Ọdún 108 lẹ fi dúró de ife kan, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn.

Nọ́ọ̀sì_Àṣáálẹ́
Èmi ò mọ bésíbọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀. Aláìsàn kan ló kọ́ mi, bàbá àgbàlagbà kan lórí wọ́ọ̀dù wa. Ó ní òun ti ń tẹ̀lé White Sox láti 1959, ọdún tí wọ́n dé World Series tí Dodgers fi na wọ́n. Ìgbà tí wọ́n gbé e wọlé bọ́ sáàárín ìyà yẹn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 10 oṣù Keje. Ẹ rántí pé eré 21 ni wọ́n pàdánù léra wọn, tí wọ́n fi bá Orioles ti 1988 dọ́gba. Gbogbo alẹ́ tí mo bá wọṣẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni pé ṣé wọ́n borí, á mi orí pé rárá, a máa wọn ẹ̀jẹ̀ríru, ìgbésí ayé ń lọ.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Oakland ni wọ́n ti ń gbá a, aago tiwa níbí ti kọjá mẹ́jọ àbọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé òògùn oorun wá, ó ní òun ò lò ó. Mo ní bàbá, ilẹ̀ ti ṣú. Ó ní ọmọ mi, mi ò lè sùn sórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń lọ mo ń bọ̀ títí eré fi parí: 5 sí 1, White Sox! Ìgbà tí mo wọlé, bàbá ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tuntun, ó ní ‘gbé òògùn yẹn wá wàyí.’ Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn yòókù wá kí i.

Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù náà, wọ́n lé kóòṣì, Pedro Grifol, wọ́n fi Grady Sizemore dípò ẹ̀. Mo ro ìyẹn fún bàbá. Ó ní wọ́n lé dérébà, mọ́tò kò ní táyà.

Ìyá_Ìbejì_Bridgeport
Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ mú omi bọ́ lójú mi. Ṣé bàbá yẹn ti lọ sílé?

Nọ́ọ̀sì_Àṣáálẹ́
Ó ti lọ, ara rẹ̀ le koko.

RN_Ilé_Olúji
Ọlọ́run á bù kún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra o. Òògùn tí dókítà kọ ní aago tirẹ̀. A kì í dúró de bọ́ọ̀lù.

Nọ́ọ̀sì_Àṣáálẹ́
Òògùn oorun tí wọ́n ní kó lò tó bá fẹ́ ni, kì í ṣe ti ọkàn. Aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kò tíì yá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ.

RN_Ilé_Olúji
Tó bá jẹ́ èyí tó wù ú ni, ó dáa. Mo gbà.

Kò_Dámilójú
Èyí mo gbà gbọ́. Àwọn bàbá arúgbó àdúgbò yìí ò ṣeé yí lọ́kàn padà.

Gúnà_Peckham
Láti London. Ohun tí kò yé mi rèé: ẹgbẹ́ tó pàdánù 121, kí ló dé tí wọn ò lé e bọ́ sí ìsàlẹ̀? Derby County gba pọ́ńtì 11 péré ní 2007-08, wọ́n sì lé wọn kúrò ní Premier League wéréwéré. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí olówó ẹgbẹ́ bẹ̀rù.

Àdìsá_Títì35
Kò sí lílé bọ́ sísàlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àbúrò mi. O borí o, o pàdánù o, ọdún tó ń bọ̀ o ṣì wà níbẹ̀, owó tẹlifíṣọ̀n á sì wọlé. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ a máa mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kó lè kọ́kọ́ mú ọmọ tó dáńtọ́ jù nínú àwọn tó ń jáde ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìyà náà pọ̀ sí: lọ́tìrì ni wọ́n fi ń pín ipò tí ẹgbẹ́ á ti mú ọmọ, òfin rẹ̀ ò sì gba ẹgbẹ́ ìlú ńlá bíi tiwa láyè láti wà nínú ẹ̀ ní ọdún méjì léra. Wọ́n ti wà nínú ti 2024, ipò karùn-ún ni wọ́n ti mú Hagen Smith. Nítorí náà, pẹ̀lú gbogbo 121 yìí, ibi tó ga jù tí wọ́n lè dé ní 2025 ni ipò kẹwàá. Wọ́n jẹ ìyà, wọn ò tún rí ẹ̀bùn ìyà gbà.

Gúnà_Peckham
Yé! Ìyẹn burú.

Adamásìngbà
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún lílé bọ́ sísàlẹ̀, ṣé ó ti ṣe yín rí? Ọmọ Ìbàdàn ni mí. 3SC tó gba Africa Cup Winners' Cup ní 1976, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, èmi fojú mi rí i tó bọ́ sí ìpele kejì. Ọdún púpọ̀ lẹ fi máa wá ọ̀nà padà. Tí wọ́n bá lé White Sox sísàlẹ̀, ta ló máa lọ wò wọ́n?

Gúnà_Peckham
Àwọn tó fẹ́ràn wọn á lọ. Ẹ̀yin náà ò fi 3SC sílẹ̀, àbí?

Adamásìngbà
Fi sílẹ̀ kẹ̀? Kí n lọ síbo?

Òṣìṣẹ́_Wẹ́hàúsì
Ọ̀gá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Kúbà láti Matanzas, ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà gbogbo. Ọjọ́ tó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó dìde kí mi, ó ní ‘aché,’ bí wọ́n ṣe ń pe àṣẹ. Láti ọjọ́ yẹn White Sox ló kù tí a ń sọ. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ni: Minnie Miñoso, ọmọ Kúbà, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún White Sox, 1951. José Contreras àti El Duque wà níbẹ̀ ní 2005. José Abreu gba MVP, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù, ní 2020. Luis Robert Jr. gbá home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá odi pápá) 38 ní 2023. Nígbà tí ìpàdánù di 20 léra, mo bi í bóyá kò ní bẹ Ògún fún wọn. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní òrìṣà kì í ra ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń rà á.

Alàgbà_Hyde_Park
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé òrìṣà wọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Òṣìṣẹ́_Wẹ́hàúsì
Ẹ̀gbọ́n, èmi ò gbé e wọ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ mi ló gbé e jáde.

Alàgbà_Hyde_Park
Ó dáa, ọ̀rọ̀ ẹ̀ bọ́gbọ́n mu.

Ìyá_Ìbejì_Bridgeport
Ilé wa ò jìnnà sí pápá. Pátákó ayò wọn máa ń yin iná sókè tí White Sox bá gbá home run, a máa ń gbọ́ ọ láti pálọ̀. Àwọn ọmọ mi á fò sókè, á di ariwo. Lọ́dún yìí, ilẹ̀ á ṣú láìsí ìró kankan. Ó wá di pé Friday nìkan ni wọ́n ń dunnú, torí Friday wọ́n máa ń yin iná lẹ́yìn eré, wọ́n borí o, wọ́n pàdánù o. Àwọn ọmọ á ní ‘Mọ́mì, a borí!’ Mi ò kọ́kọ́ mọ èwo ni kí n sọ. Nígbà tó yá mo sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n ní ó dáa, ṣé a lè lọ wo iná?

Bàbá_Ọmọ_Ajubọ́ọ̀lù
Tiyín ṣì dáa. Ọmọ mi ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ọmọdé, ọwọ́ òsì ló fi ń jù ú, Garrett Crochet sì ni òrìṣà... Alàgbà, ẹ má bínú, àwòkọ́ṣe rẹ̀. Nínú gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yẹn Crochet ṣì wọ All-Star, eré àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Boston. Ọmọ náà béèrè bóyá a lè kó lọ sí Boston.

Kò_Dámilójú
Ṣé ọmọ Nàìjíríà kankan tiẹ̀ ti ṣe é dé ibì kan?

Bàbá_Ọmọ_Ajubọ́ọ̀lù
Demi Orimoloye, wọ́n bí i ní Nàìjíríà, Kánádà ló dàgbà sí. Brewers mú un ní 2015. Mo ti fi fọ́tò ẹ̀ han ọmọ mi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́_Third_Base
Kò sẹ́ni tó máa mẹ́nu ba ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún? Orioles, 8 sí 6, inning kẹsàn-án, White Sox ní èèyàn lórí base kìíní àti ìkejì, ẹnì kan péré ló ti jáde nínú mẹ́ta tó ń parí abala. Benintendi gbá bọ́ọ̀lù sókè sánmà, infield fly ni adájọ́ pè é, òfin tó ń mú kí ẹni tó gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ jáde kí wọ́n tó hán an, òun fúnra ẹ̀ ti jáde nìyẹn. Andrew Vaughn ń padà sí base ìkejì, kò yà fún Gunnar Henderson ti Orioles dáadáa, adájọ́ ní Vaughn dí i lọ́nà: òun náà jáde, ó pé mẹ́ta, eré tán! Henderson kúkú hán bọ́ọ̀lù náà láìsí wàhálà!

Àdìsá_Títì35
Mo dìde kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ_North_Side
Òfin ni òfin. Ẹni tó ń sáré ló gbọ́dọ̀ yà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́_Third_Base
Yà síbo? Kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn! Òfin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ lójú.

Ọmọ_North_Side
Tí ó bá jẹ́ Cubs ni wọ́n dí lọ́nà ńkọ́?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́_Third_Base
Màá sọ ohun kan náà.

Kò_Dámilójú
Irọ́.

Alàgbà_Hyde_Park
Mo jí ọ̀rọ̀ yìí dìde nítorí oṣù Karùn-ún 2025 ti mú ìròyìn wá: póòpù tuntun, Leo XIV, ọmọ Chicago, White Sox ló ń tẹ̀lé!

Kò_Dámilójú
Alàgbà, ẹ̀yin náà?

Àdìsá_Títì35
Òótọ́ ni. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n wà, ó wà láàárín èrò ní eré àkọ́kọ́ World Series 2005.

Dérébà_Ìjẹ̀bú
Ó ṣeé ṣe kó jókòó nítòsí bàbá ọkùnrin tí mo gbé yẹn.

Gúnà_Peckham
Ẹ dákun, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lọ́dún yìí. Inning mélòó ló wà nínú eré kan?

Nọ́ọ̀sì_Àṣáálẹ́
Mẹ́sàn-án. Tí kò bá sí ẹni tó borí, wọ́n á máa gbá a lọ. Kò sí ọ̀mì ńbẹ̀.